Tòmátì Dúdú Àjogúnbá: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín Nínú Ọgbà Ilé

Tòmátì dúdú ni orúkọ àpapọ̀ tí àwọn ológbà fún àwọn tòmátì tí èso wọn kì í pọ́n fòò bí èyí tó kún àtẹ ọjà. Bí wọ́n bá gbó tán, àwọ̀ wọn á wà láàrin pupa rúsúrúsú, àwọ̀ àlùkò àti àwọ̀ ṣokoléètì, èjìká wọn á sì tún ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Kò sí èyí tó dúdú kirikiri nínú wọn. Àwọn tí à ń pè ní àjogúnbá nínú wọn ni àwọn tí ìdílé tàbí àdúgbò kan ti ń gba irúgbìn wọn pamọ́ láti ọdún dé ọdún, tí ọmọ wọn sì ń jọ ìyá: irú èyí tí a jẹ náà ni hóró rẹ̀ yóò so. Àwọn kan ní irúgbìn gbọ́dọ̀ ti pé 50 ọdún kó tó jẹ́ àjogúnbá. Àwọn mìíràn ní ó gbọ́dọ̀ ti wà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí pé lẹ́yìn ogun náà ni irúgbìn àdàlù tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣe gba ọjà. Fún ẹni tó ní ọgbà lẹ́yìnkùlé, àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni pé bó bá ti ra irúgbìn lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní láti rà á mọ́.

Àwòrán ló sábà máa ń mú ènìyàn ra irúgbìn wọ̀nyí, àwòrán náà sì máa ń dúdú ju èso lọ. Nínú gbogbo ohun tí a lè fi yan tòmátì dúdú, àwọ̀ ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ojú ọjọ́ ibi tí à ń gbé ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ohun tí a fẹ́ fi èso náà ṣe, lẹ́yìn náà bí àyè tí a ní ṣe tó. Ẹni tó bá yan èyí tó dúdú jù láìwo ìwọ̀nyí lè fi gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bomi rin ewé lásán.

Ibi tí àwọ̀ náà ti wá

Ní ìwọ̀ oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà, ní agbègbè tí Peru àti Ecuador wà lónìí, ni àwọn baba ńlá tòmátì ti ń hù nínú igbó, tí èso wọn kò ju hóró ẹ̀wà ńlá lọ. Ní Mexico ni àwọn ará ibẹ̀ ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn eléso ńlá, ibẹ̀ sì ni àwọn ará Spéènì ti gbé e lọ sí Yúróòpù ní ọ̀rúndún 16.

Nínú tòmátì pupa, bí èso bá ti fẹ́ pọ́n, kilorófíìlì tó fún un ní àwọ̀ ewé á tú ká, laikopíìnì tó pupa á sì gba ipò rẹ̀. Nínú tòmátì dúdú, laikopíìnì dé, ṣùgbọ́n kilorófíìlì kò lọ tán. Àwọ̀ méjèèjì á wá para pọ̀, á di rúsúrúsú. Ìyípadà kékeré nínú jíìnì kan ló fà á, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní green-flesh. Ní 2008 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé jíìnì tó yẹ kó jẹ́ kí kilorófíìlì tú ká ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, àti pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ata tó máa ń gbó di àwọ̀ ṣokoléètì. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n yẹ àwọn tòmátì dúdú àjogúnbá lóríṣiríṣi wò, wọ́n sì bá ẹ̀dà ìyípadà náà mẹ́rin mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé inú ọgbà kan ṣoṣo kọ́ ni tòmátì dúdú ti ṣẹ̀ wá. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, níbi púpọ̀. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá sì ṣẹlẹ̀, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó rí èso tí àwọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì, tó fi kan ẹnu, tó gbádùn rẹ̀, tó sì sá hóró rẹ̀ pamọ́. Bí ẹni náà bá ti jù ú sí ààtàn, a kì bá tí rí i jẹ lónìí.

Èèpo ló tún pín wọn sí ọ̀nà méjì. Bí èèpo bá ní àwọ̀ ìyeyè, èso á dà bíi pupa rúsúrúsú tàbí ṣokoléètì. Bí èèpo bá mọ́ gaara tí kò ní àwọ̀ kankan, ohun kan náà tó wà nínú á fara hàn bí àwọ̀ àlùkò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó ní lọ́wọ́ lè bó èèpo díẹ̀ kó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

Àwọn tòmátì aláwọ̀ àlùkò mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ pò mọ́ wọ̀nyí. Indigo Rose, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà mú jáde, gba àwọ̀ rẹ̀ láti ara antosayanín, ohun aláwọ̀ tó wà nínú àwọn èso bíi blueberry. Láti ara ìbátan tòmátì tó ń hù nínú igbó ni wọ́n ti mú un wọ inú rẹ̀ nípa dída òdòdó pọ̀, ibi tí oòrùn bá sì kàn lára èèpo nìkan ló ń dúdú. Òmíràn ni Purple Tomato tí Cathie Martin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní John Innes Centre nílùú Norwich ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jíìnì òdòdó kan tó ń jẹ́ snapdragon ni wọ́n fi sínú rẹ̀, àlùkò ni gbogbo ara rẹ̀ títí dé inú, ó sì di títà fún àwọn ológbà ní Amẹ́ríkà ní 2024. Méjèèjì kì í ṣe àjogúnbá. Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ yìí nítorí pé àwọn ontajà kan máa ń ṣèlérí oògùn inú blueberry fún ẹni tó bá ra Cherokee Purple. Kilorófíìlì ló wà nínú ìyẹn, irú èyí tó wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Dídùn rẹ̀ ti tó fún wa láti gbìn ín.

Àwọn tó gbajúmọ̀ àti bí wọ́n ṣe dé ọwọ́ wa

Cherokee Purple ni olórí wọn ní Amẹ́ríkà. Ní 1990, Craig LeHoullier, onímọ̀ kẹ́místrì kan tó fẹ́ràn tòmátì gidigidi, gba lẹ́tà kan láti Tennessee. Hóró tòmátì wà nínú rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì ṣàlàyé pé ọwọ́ àwọn Cherokee, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ agbègbè náà, ni irúgbìn yìí ti jáde ní nǹkan bí 100 ọdún ṣáájú. Ìjọba Amẹ́ríkà ti lé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Cherokee kúrò lórí ilẹ̀ wọn ní 1838, ṣùgbọ́n àwọn kan kù sí àárín àwọn òkè ibẹ̀, àtọmọdọ́mọ wọn sì wà níbẹ̀ di òní. Lẹ́tà yẹn nìkan ni ìtàn náà dúró lé. LeHoullier gbìn ín, ó fún un lórúkọ, ó sì fi hóró rẹ̀ ránṣẹ́ sí Southern Exposure Seed Exchange ní Virginia. Wọ́n kọ́kọ́ ṣiyèméjì níbẹ̀, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ jọ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti kú sí lára, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ borí iyèméjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1993.

Èso rẹ̀ máa ń wọ̀n tó 280 sí 340 gíráàmù, ó sì ń tó 80 ọjọ́ lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i gbìn kí àkọ́kọ́ tó gbó. Bí a bá gé e ní ìbú, a ó rí i pé omi yíyi tó yí hóró ká ní àwọ̀ ewé gan-an, pé ẹran inú rẹ̀ pupa kíjikíji ní àárín, tó sì ń dúdú sí i bó ṣe ń súnmọ́ èèpo. Ó dùn, ó kan díẹ̀, ó sì ní ìtọ́wò kan tó jinlẹ̀, tí àwọn kan ń sọ pé ó ní èéfín nínú. Ní 1995, igi kan nínú ọgbà LeHoullier so èso tí èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè dípò èyí tó mọ́ gaara. Ìyẹn ló di Cherokee Chocolate. Láti ara èyí náà ni Cherokee Green ti jáde ní 1997.

Black Krim wá láti Krimea, etí Òkun Dúdú. Ará Sweden kan ló mú irúgbìn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹgbẹ́ Seed Savers Exchange, tí Diane Ott Whealy àti Kent Whealy dá sílẹ̀ ní 1975, sì tàn án ká Amẹ́ríkà láti 1990. Bí oòrùn bá ṣe mú tó ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń dúdú tó. Ó ní iyọ̀ díẹ̀ nínú ìtọ́wò rẹ̀, ó sì yára ju Cherokee Purple lọ, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kò lágbára: òjò ńlá kan ṣoṣo lè là á yíká èjìká.

Paul Robeson ni èyí tí mo rò pé ilé Yorùbá yẹ kó gbìn, bí àyè kan ṣoṣo bá wà nínú ọgbà. Olórin àti òṣèré adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1898 ni wọ́n fi sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ sá kúrò lóko ẹrú. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ èdè Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin ọdún 1930 sí 1939, ó sì di baba ìsàlẹ̀ fún WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, jẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1925. Ní 1950, ìjọba Amẹ́ríkà gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ nítorí ohun tó ń sọ nípa ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀ àti nítorí ọ̀rẹ́ tó ń bá Soviet Union ṣe. 1958 ni wọ́n tó dá a padà. Ní Rọ́ṣíà, gbogbo ilé ló mọ ohùn rẹ̀, àwọn ológbà ibẹ̀ sì fi orúkọ rẹ̀ pe tòmátì kan. Marina Danilenko, oníṣòwò irúgbìn ní Moscow, ló mú kó dé ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Báyìí ni orúkọ ọkùnrin náà ṣe ti Rọ́ṣíà padà wọ ilẹ̀ rẹ̀ lára hóró tòmátì. Èso náà pupa rúsúrúsú, ó rí pẹrẹsẹ díẹ̀, adùn àti kíkan rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì débi pé ọ̀pọ̀ ológbà fi í ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo tòmátì dúdú.

Àwọn tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Black from Tula, tó wá láti ìlú Tula ní Rọ́ṣíà, tóbi. Black Prince kéré ju ìyẹn lọ, ó sì fara da òtútù, torí Siberia ni wọ́n sọ pé ó ti wá. Japanese Trifele Black ṣe gbọọrọ bíi píà, Rọ́ṣíà ni orírun rẹ̀ láìka orúkọ rẹ̀ sí, èèpo rẹ̀ sì le. Black Cherry kéré, ó ń so yanturu, ó sì ń yá; 2003 ni Vince Sapp ní Florida mú un jáde, nítorí náà kò tíì dàgbà tó láti jẹ́ àjogúnbá, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ ń jọ ìyá, mo sì ń gba ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti fi í bẹ̀rẹ̀.

Èwo ló yẹ ẹ̀yin?

Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kúrú, òjò àti ọ̀rinrin sì pọ̀. Àwọn èso ńlá tó ń gba 80 ọjọ́ lè máà tíì gbó tí oṣù kẹsàn-án fi dé. Black Cherry dára níta. Black Krim àti Paul Robeson á ṣe dáadáa nínú ilé gíláàsì tàbí lẹ́bàá ògiri bíríkì tó kọjú sí gúúsù. Ní Houston tàbí Atlanta, ìṣòro ibẹ̀ yàtọ̀. Ooru ibẹ̀ ló ń ṣèdíwọ́: bí ọ̀sán bá ti ju 32 sí 35 ìwọ̀n Celsius lọ, tí òru kò sì wá sí ìsàlẹ̀ 24, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó á bàjẹ́, òdòdó á sì rẹ̀ dànù láìso. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Houston gbọ́dọ̀ ti ṣí irúgbìn gbìn ní oṣù kẹta, kí èso ti so kí ooru gidi tó dé. Cherokee Purple fara da irú ibẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. Ní Chicago, tí yìnyín kì í jẹ́ kí a gbìn síta títí di àárín oṣù karùn-ún, àárín méjèèjì ni wọ́n wà, gbogbo àwọn tí mo dárúkọ ló sì lè ṣe níbẹ̀.

Ẹni tó ń gbé inú fúláàtì tó ní bàkónì nìkan kò gbọ́dọ̀ fi Cherokee Purple sínú ike kékeré. Ó máa ń ga ju ènìyàn lọ, kì í sì í dẹ́kun gíga títí òtútù á fi pa á. Láti nǹkan bí 2005 ni LeHoullier àti Patrina Nuske-Small ní Australia ti kó àwọn ológbà jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè láti máa da àwọn tòmátì aládùn pọ̀ mọ́ àwọn kúkúrú. Rosella Purple àti Tasmanian Chocolate wà lára ohun tí wọ́n rí. Wọn kì í sábà ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, ìtì wọn nípọn, ike olómi 20 lítà sì tó wọn.

Ọ̀rọ̀ ìdáná tún wà níbẹ̀. Àwọn tòmátì dúdú ńlá kò dára fún ọbẹ̀ ata. Omi wọn pọ̀, kilorófíìlì inú wọn sì máa ń di àwọ̀ ewé gbígbẹ bí iná bá ti kàn án, ọbẹ̀ náà á wá ní àwọ̀ tí kò ní wu àlejò. Tútù ni kí a jẹ wọ́n: kí a gé wọn nípọn, kí a bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí a fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ohun tó tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn ju búrẹ́dì lọ. Ẹni tó fẹ́ èyí tó lè wọ ìkòkò díẹ̀ lè gbin Japanese Trifele Black, torí ẹran inú rẹ̀ ki.

Láti hóró dé orí ọ̀pá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ìgbà yìnyín tó kásẹ̀ nílẹ̀ ni a ń gbin hóró sínú ilé. Jíjìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Bí ilẹ̀ inú ike bá móoru tó 21 sí 27 ìwọ̀n Celsius, a ó rí i tó yọrí láàrin ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá. Láti ọjọ́ tó bá ti yọrí ni ìmọ́lẹ̀ ti di dandan. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kì í sábà tó ní ilẹ̀ òtútù. Irúgbìn á ga gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, á tínrín, á sì ṣubú. Gílóòbù tí a gbé súnmọ́ ọn fún wákàtí 14 sí 16 lóòjọ́ ló ń yanjú rẹ̀.

Kí a tó ṣí i gbìn síta, ó yẹ kí a máa gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ewé rẹ̀ mọ oòrùn àti atẹ́gùn. Ihò tí a ó gbin tòmátì sí gbọ́dọ̀ jìn. Kí a já ewé ìsàlẹ̀ dànù, kí a sì rì í wọlẹ̀ títí yóò fi ku kìkì orí rẹ̀ lókè, nítorí pé gbogbo ibi tí ilẹ̀ bá bò lára ìtì rẹ̀ ló máa ń ta gbòǹgbò. Àlàfo láàrin igi kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ dín sí 60 sẹ̀ǹtímítà. Oòrùn gbọ́dọ̀ kàn án ní tààrà fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa dára fún un, ṣùgbọ́n bí náítírójìn bá pọ̀ jù, ewé á dúdú, á fẹ̀, òdòdó á sì wọ́n.

Ọ̀pá tó ga tó mítà méjì ni a ń fi gbè é, ọjọ́ tí a gbìn ín náà sì ni kí a ti ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, kí a má baà gún gbòǹgbò lẹ́yìn ọ̀la. Láàrin ìtì àti ewé, ẹ̀ka kéékèèké á máa yọ. Bí a kò bá já wọn, igi kan á di igbó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí òṣùṣù èso mẹ́rin bá ti so níta, àwọn ológbà máa ń ké orí igi náà kúrò, kí agbára rẹ̀ lè lọ sára èyí tó ti so. Ní Texas, ó sàn kí a fi ewé sílẹ̀ púpọ̀, torí oòrùn ibẹ̀ lè jó èso tí kò ní ìbòòji.

Bí a ṣe ń bomi rin ín ló ń fa ìṣòro tó pọ̀ jù. Ìdí igi ni omi ń lọ, ewé kọ́, àárọ̀ sì dára jù. Bí ilẹ̀ bá gbẹ kankan fún ọjọ́ púpọ̀, tí a wá da omi lù ú lójijì, àwọn èso ńlá á là. Ìdí èso tún lè di dúdú, kó rì wọnú, kó sì rí bí awọ gbígbẹ. Àrùn kọ́ nìyẹn. Kálísíọ̀mù ni kò rí omi gbé e dé ìdí èso. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa da èèpo ẹyin sí ìdí igi nítorí rẹ̀, èèpo ẹyin a sì máa pẹ́ kó tó jẹrà. Koríko gbígbẹ tí a fi bo ilẹ̀, àti omi tó ń dé déédéé, ló ń wò ó sàn.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀

Àjogúnbá kò ní ààbò tí àwọn onímọ̀ fi sínú irúgbìn àdàlù òde òní. Àléébù rẹ̀ nìyẹn, kò sì yẹ kí a fi pamọ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àrùn Phytophthora infestans, tó fa ìyàn ọ̀dùnkún ní Ireland láti 1845, lè pa gbogbo ọgbà láàrin ọ̀sẹ̀ kan bí òjò bá rọ̀ léraléra tí ojú ọjọ́ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ilé gíláàsì àti ewé tó gbẹ ni ààbò. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, aran tíńtìntín inú ilẹ̀ tó ń mú gbòǹgbò wú àti fúsáríọ̀mù tó ń mú ewé pọ́n láti ìsàlẹ̀ ló pọ̀.

Èyí tó burú jù fún ilẹ̀ olóoru ni bakitéríà tó ń jẹ́ Ralstonia solanacearum. Igi tó ń dán lánàá á rọ lọ́sàn-án, á gbérí lálẹ́, á sì rọ pátápátá ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, láìjẹ́ pé ewé rẹ̀ pọ́n. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń dá a mọ̀. Kí a gé ìtì igi náà nítòsí ilẹ̀, kí a fi ibi tí a gé bọ inú ife omi tó mọ́, kí a má sì mì í. Bí okùn funfun tín-ínrín bíi mílíìkì bá ń ṣàn wálẹ̀ láti ojú gígé náà láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, òun ni. Kò sí oògùn rẹ̀. Kí a fa igi náà tu, kí a sun ún, kí a má sì gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá sí ojú ibẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn kan fi ń lọ́ orí tòmátì àjogúnbá mọ́ ìdí ìgbá tó lè kojú àrùn náà. World Vegetable Center ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru ní ọ̀nà yìí fún ìgbà pípẹ́.

Ìgbà kíká àti irúgbìn ọdún tó ń bọ̀

Ẹni tó ti mọ tòmátì pupa lè jẹ́ kí tòmátì dúdú jẹrà lórí igi, torí pé ó ń dúró de àwọ̀ tí kò ní dé. Èjìká rẹ̀ lè ṣì ní àwọ̀ ewé nígbà tí ìdí rẹ̀ ti rọ̀. Ìdí ni kí a fi ìka tẹ̀: bó bá rọ̀ díẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà níbẹ̀, kí a ká a. Bí òjò bá ń bọ̀, a lè ká a ní kété tí ìdí rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà, kí a gbé e sórí tábìlì. Á gbó níbẹ̀ láìpàdánù adùn tó tó ohun tí a lè mọ̀. Fíríìjì kì í ṣe ibi tó yẹ ẹ́, torí òtútù rẹ̀ ń pa òórùn dídùn tó wà lára rẹ̀.

Òdòdó tòmátì ń gba ara rẹ̀ lóyún, nítorí náà ọmọ sábà máa ń jọ ìyá. Ṣùgbọ́n oyin lè kó lẹ́búlẹ́bú láti orí igi kan dé òmíràn, pàápàá nínú àwọn tí ẹnu abo òdòdó wọn yọ síta. Ẹni tó bá gbin ju oríṣi kan lọ gbọ́dọ̀ fi àpò nẹ́ẹ̀tì bo òṣùṣù òdòdó kan kó tó là, kó máa mì ín lójoojúmọ́, kó sì ṣí i nígbà tí èso bá ti so, kó wá so òwú mọ́ ọn kó má baà gbàgbé. Láti ara igi tó dára jù ni kó ti mú un. Èso àkọ́kọ́ tó fani mọ́ra lórí igi tó ń ṣàìsàn kò yẹ fún irúgbìn.

Bí èso náà bá ti gbó kọjá jíjẹ, kí a fún hóró rẹ̀ pẹ̀lú omi yíyi sínú ife, kí a bu omi díẹ̀ sí i, kí a sì gbé e sí ìbòòji fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Á rùn, èbu funfun á bo ojú rẹ̀. Omi yíyi tó ń dí hóró lọ́wọ́ láti hù ló ń jẹrà bẹ́ẹ̀. Àwọn hóró tó dára á rì sísàlẹ̀. Kí a fi asẹ́ fọ̀ wọ́n títí omi yóò fi mọ́, kí a tẹ́ wọn sórí àwo tánganran, torí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ pépà. Bí wọ́n bá gbẹ tán, kí a kọ orúkọ àti ọdún sára àpò wọn. Níbi tó tutù tó sì gbẹ, wọ́n lè lo ọdún márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílẹ̀ Yorùbá ńkọ́?

Hóró inú àpò ìrìnàjò kò yẹ kó wọ Nàìjíríà láìní ìwé. Àrùn ń gba ara irúgbìn rìn, ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn àti ìyọ̀ǹda NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn tó ń wọlé wò, sì wà fún ìdí yẹn. Bó bá ti dé lọ́nà tó tọ́, ìgbà tí a gbìn ín ló máa pinnu bó ṣe máa rí. Lẹ́bàá ọ̀sà, ní Èkó, òru kì í tutù tó fún àwọn eléso ńlá, ọ̀rinrin sì ń fa àrùn ewé. Ní ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí, tí ọyẹ́ ti ń mú òru tutù ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ẹni tó bá gbin hóró ní oṣù kẹsàn-án, tó sì ní omi tí yóò máa bu rin ín, lè rí èso ká. Black Cherry ni kó fi dán ilẹ̀ wò.

Ọ̀nà kan ṣì wà tó dára jù lójú tèmi, ó sì wà ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni tó ní sùúrù. Àwọn tòmátì ìbílẹ̀ wa, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ibadan Local, ti mọ ooru àti ilẹ̀ wa. Kí a fi abẹ́rẹ́ yọ akọ kúrò nínú òdòdó rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú kó tó là, kí a fi lẹ́búlẹ́bú Paul Robeson tàbí Cherokee Purple pa abo rẹ̀ lẹ́nu, kí a sì fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Gbogbo ọmọ àkọ́kọ́ ni yóò pupa, torí pé jíìnì dúdú máa ń fara pamọ́ sábẹ́ pupa; kí ìyẹn má mú wa jù wọ́n nù. Kí a gba hóró wọn, kí a sì gbìn ín. Nínú ìran kejì, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni yóò so dúdú. Àwọn ìyẹn ni kí a tọ́ wò, kí a wo èyí tí ooru kò ṣe lọ́ṣẹ́, kí a sì máa gba irúgbìn rẹ̀ fún bí ìran mẹ́fà títí ọmọ rẹ̀ yóò fi máa jọ ìyá. NIHORT ní Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975 fún ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́, ni ibi tí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti lè béèrè nípa irúgbìn ìbílẹ̀ tó dára.